Ṣíbí mẹ́rin láti ara ẹ̀ka ọsàn kan: àkọsílẹ̀ iṣẹ́ láti ìtì tútù dé inú ìkòkò

Ṣíbí onígi tí mo fẹ́ràn jù lọ ṣẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ nínú ìkòkò. Ọrùn rẹ̀ ló ti ṣẹ́, ibi tí kòtò ti pàdé ọwọ́. Èmi ni mo gbẹ́ ẹ, láti ara pákó tó tẹ́jú tí kò ní kókó kankan, mo sì fi òróró pa á títí ó fi ń dán. Oṣù 5 péré ni mo lò ó. Nígbà tí mo gbé ojú ibi tó ti ṣẹ́ sábẹ́ iná, ọ̀rọ̀ náà yé mi. Igi tó bá jà gidi kó tó ṣẹ́, ojú ibi tó ti ṣẹ́ máa ń rí ṣákiṣàki, ẹ̀gún á yọ síta. Ti ṣíbí mi mọ́ kedere. Ó gba ìdàgẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn wá sí iwájú, bí ìgbà tí èèyàn ṣí ìwé.

Iṣan igi ló fà á, àwọn ìlà tín-ín-rín tó gba inú igi lọ láti gbòǹgbò dé ẹ̀ka. Ẹni tó fi ayùn la pákó náà tẹ̀lé ìlà tó fà sórí igi, kò tẹ̀lé iṣan. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gbẹ́ ṣíbí lórí rẹ̀, débi pé ní ọrùn, kò sí iṣan kan tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 2 kó tó já síta. Igi náà le, òróró rẹ̀ dára, kò sì sí èyí tó lè gba ọrùn yẹn là.

Ìdí nìyí tí mo fi bẹ̀rẹ̀ èyí láti ara ìtì tútù, tí mo sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ bí mo ṣe ń ṣe é. Nǹkan 4 ni mo fẹ́ gbé jáde: ọmọ orógùn kan, ṣíbí ìdáná kan, ṣíbí pẹlẹbẹ kan tí a fi ń ha ìdí ìkòkò, àti ìgbákọ kan. Mo fẹ́ kí iṣan gba inú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn já láti ẹnu dé ìdí.

Ọjọ́ 1

Ẹ̀ka igi ọsàn tó ya lulẹ̀ ni mo rí. Ó gùn ju mítà kan lọ, ó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 14 níbi tó sanra jù, orí rẹ̀ sì tẹ̀ bí ìgbọ̀nwọ́. Ibi tó tẹ̀ yẹn ni inú mi dùn sí jù. Màá sọ ìdí rẹ̀ tí a bá dé orí ìgbákọ.

Igi eléso dára fún ohun ìdáná. Igi ọsàn le, ara rẹ̀ dí, kò ní ihò ńláńlá tí ohun tí à ń sè á máa wọ̀ sí. Gúróbà náà rí bẹ́ẹ̀. Máńgòrò ṣeé lò, àmọ́ oje tútù àti èèpo rẹ̀ máa ń mú ara àwọn kan yún, ó sì ń lé ròrò sí wọn lára. Mọ̀lẹ́bí kájú ni. Ẹni tí ara rẹ̀ kò bá gbà á kó fi í sílẹ̀. Igi tí mi ò bá mọ orúkọ rẹ̀, mi kì í fi ṣe ohun tó máa wọ ìkòkò, bó ti wù kó lẹ́wà tó. Oleander, igi kékeré tí wọ́n ń gbìn fún òdòdó rẹ̀, ń rẹwà lójú, bẹ́ẹ̀ májèlé ni láti ewé dé igi.

Kí n tó ṣe ohunkóhun mìíràn, mo fi ọ̀dà kun orí ìtì náà méjèèjì. Àwọn ojú ọ̀nà tí omi ń gbà gòkè nínú igi ṣí sílẹ̀ gbayawu níbi tí a ti gé e, omi sì ń yára gba ibẹ̀ jáde ní ìlọ́po 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sí bó ṣe ń gba ẹ̀gbẹ́. Orí á gbẹ, á sún kì, nígbà tí àárín ṣì tutù. Orí á wá sán. Ọ̀dà tó ṣẹ́ kù sí ìdí agolo ti tó fún un.

Ọjọ́ 2

Mo fi ayùn gé ìtì náà sí ọ̀nà 3, mo sì yọ ibi tó tẹ̀ sọ́tọ̀. Mo gbé ègé àkọ́kọ́ dúró lórí kùkùté. Mi ò ju àáké sókè. Mo gbé ẹnu rẹ̀ lé àárín orí igi, mo wá ń fi kùmọ̀ onígi lu ẹ̀yìn rẹ̀. Nígbà tí mo lù ú lẹ́ẹ̀kẹrin, igi náà dún bí aṣọ tí wọ́n fà ya, ìlà kan sì sáré gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wálẹ̀. Ìlà yẹn kò gún. Ó ń yà sọ́tùn-ún bó ṣe ń lọ sísàlẹ̀, nítorí pé igi náà ti lọ́ díẹ̀ nígbà tó ń dàgbà. Ká ní ayùn ni mo fi là á ni, mi ò bá má mọ̀, ǹ bá sì ti gé àwọn iṣan wọ̀nyẹn kọjá. Àáké kì í purọ́ lórí èyí. Ọ̀nà tí iṣan bá gbà náà ló máa gbà.

Mo dúró wò ó fún ìgbà díẹ̀. Ojú igi tó là bẹ́ẹ̀ kì í tẹ́jú bíi ti pákó, ó ń ru díẹ̀ bí omi tí atẹ́gùn fẹ́ sí. Gbogbo ìrusókè kékeré yẹn ni iṣan tó wà ní odindi.

Láàárín gbùngbùn ojú tó là, ìlà kan wà tó rọ̀, tó ṣókùnkùn, kò nípọn ju igi ìṣáná lọ. Láti ibẹ̀ ni ẹ̀ka náà ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀mùnú. Ó gbọ́dọ̀ kúrò. Tí igi bá ń gbẹ, bó ṣe ń sún kì yí òrùka rẹ̀ ká, ìyẹn àwọn ìlà róbótó tí a ń rí lórí igi tí a gé, tó nǹkan bí ìlọ́po méjì bó ṣe ń sún kì láti èèpo lọ sí àárín. Ní gígùn, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sún kì rárá. Tí àárín yẹn bá wà nínú ṣíbí, òrùka tó yí i ká á fẹ́ kúrú, kò ní ráyè, á bẹ́. Mo fi àáké bó ìwọ̀n ìka kan kúrò lójú ègé kọ̀ọ̀kan. Lára ègé tí mo fẹ́ fi ṣe ṣíbí pẹlẹbẹ, igi ń ṣe mí ní ọ̀wọ́n, mo sì fi díẹ̀ sílẹ̀ nínú ìlà yẹn. Mo mọ̀ pé kò yẹ kí n ṣe é.

Ọjọ́ 3 sí 5

Igi tútù ń dún lábẹ́ àáké kékeré bí ìgbà tí èèyàn ń gé iṣu. Àsìkò tó yẹ kí a yọ èyí tó pọ̀ jù kúrò nìyí, kó tó gbẹ tó sì le bí ìwo.

Mo fi pẹ́ńsùlù ya ọmọ orógùn sórí ojú tó là, mo jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ tẹ̀lé iṣan, títí kan ibi tó ti yà. Ọwọ́ náà kò gún ṣánṣán, mi ò sì gbìyànjú láti tọ́ ọ. Tí mo bá fi ọ̀bẹ tọ́ ọ, iṣan ni màá máa gé.

Lórí ọrùn ni mo ti lo àkókò jù. Ọrùn tẹ́ẹ́rẹ́ dùn ún wò lóòótọ́. Mo jẹ́ kí ti ṣíbí ìdáná fẹ̀ ní mílímítà 14 péré, ṣùgbọ́n láti iwájú dé ẹ̀yìn mo fi 18 sílẹ̀. Ẹ gbé pákó lé orí àga méjì ní pẹlẹbẹ, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ láàárín, á tẹ̀. Ẹ wá fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dúró, kí ẹ tún tẹ̀ ẹ́. Kò ní mira. Igi kan náà ni, agbára wà níbi tó ga sí ọ̀nà tí a ti ń tẹ̀ ẹ́. Nítorí náà, ẹ̀yìn ọrùn ṣíbí mi rí bí ìdí ọkọ̀ ojú omi: igun kan wà níbẹ̀ tó gba abẹ́ kòtò lọ, ó sì ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi pòórá. Láti iwájú, ojú kò rí i. Ọwọ́ ló ń mọ̀ ọ́n.

Ní báyìí, ìgbákọ. Ọwọ́ ìgbákọ kì í wà ní títọ́ pẹ̀lú kòtò rẹ̀, ó ń gòkè, kó lè wọnú ìkòkò jíjìn kó sì bù jáde láìdà sílẹ̀. Tí a bá gbẹ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lára igi tó gún, níbi tó ti tẹ̀ gan-an ni a máa gé gbogbo iṣan sí, ibẹ̀ ló sì máa ń gba ìwúwo jù. Ẹ̀ka tó tẹ̀ fúnra rẹ̀ yàtọ̀. Iṣan rẹ̀ bá a tẹ̀ láti ìgbà tó wà lórí igi, ó ti gbé èso, ó ti gba atẹ́gùn, kò ṣẹ́. Mo la ìgbọ̀nwọ́ náà sí méjì pẹ̀lú sùúrù, mo fi apá tó kúrú ṣe kòtò, mo fi èyí tó gùn ṣe ọwọ́. Bí ẹ bá wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ báyìí, ẹ máa rí àwọn ìlà tí ń jáde láti inú kòtò, tí wọ́n yí igun náà, tí wọ́n sì ń gòkè lọ láìjá. Àtìgbà tí mo ti ń gbẹ́gi, mi ò tíì ṣe ohun tó tẹ́ mi lọ́rùn tó bẹ́ẹ̀.

Fún kòtò, ọ̀bẹ ìkọ́ ni mo lò, èyí tí ẹnu rẹ̀ tẹ̀ bí ìka tí a ká. Ní ara ọwọ́ ṣíbí, láti ibi tó ga ni ọ̀bẹ ti ń wá síbi tó rẹlẹ̀. Tó bá gun òkè, ẹnu rẹ̀ á wọ abẹ́ iṣan, á sì fa igi ya. Nínú kòtò, ìdábùú ni mo ń gé, láti etí kan wá sí àárín, kí n tó yí ṣíbí padà wá sí etí kejì. Mi ò gbẹ́ ẹ tán. Mo fi mílímítà 8 sílẹ̀ yí kòtò ká, mo sì jẹ́ kí ọwọ́ sanra ju bí mo ṣe fẹ́ lọ, nítorí pé igi á yí nígbà tó bá ń gbẹ, á sì nílò àyè tí mo máa fi tún un ṣe.

Ọjọ́ 6 sí 22

Mo kó gbogbo wọn sínú àpò bébà pẹ̀lú èérún tutù tó já lára wọn, mo dì í lẹ́nu, mo gbé e sí ibi tí oòrùn àti atẹ́gùn kò dé. Èérún yẹn ń jẹ́ kí wọ́n gbẹ díẹ̀díẹ̀. Mo ń yí èérún náà padà ní ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta kí ó má baà hu olú.

Ìwọ̀n ilé ìdáná ló ń sọ fún mi bí igi ṣe gbẹ sí. Ṣíbí ìdáná wọn gíráàmù 214 ní ọjọ́ 6. Ní ọjọ́ 9, ó di 181. Ní ọjọ́ 14, 158. Ní ọjọ́ 19, 147. Ọjọ́ 21 àti 22, 146 ló dúró sí. Nígbà tí òǹkà kò bá yí mọ́, igi àti afẹ́fẹ́ tó yí i ká ti dọ́gba, a lè máa bá iṣẹ́ lọ.

Ọjọ́ 12 ni ṣíbí pẹlẹbẹ sán. Mo ṣí àpò, mo gbé e jáde, mo sì rí ìlà dúdú kan láti ẹnu rẹ̀ lọ sí ọrùn, ó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 4, èékánná mi sì wọ inú rẹ̀. Ojú ibi tí mo fi ìlà rírọ̀ yẹn sílẹ̀ sí ló gbà. Ohun tó jẹ́ kó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kó tó sán ni pé omi tó wà nínú ihò igi ló kọ́kọ́ ń jáde, ìyẹn kò sì ń mú igi sún kì. Ìgbà tí omi bá dín kù sí nǹkan bí ìdá 30 nínú 100 ìwúwo igi gbígbẹ ni ara igi fúnra rẹ̀ á tó bẹ̀rẹ̀ sí í sún. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń wo ṣíbí wọn fún ọjọ́ 3, wọ́n á ní ó ti yege, wọ́n á gbé e sínú oòrùn. Ìgbà yẹn gan-an ni ewu rẹ̀ ń bọ̀.

Mi ò fi gọ́ọ̀mù dí i. Ohun tó máa wọ omi gbígbóná tó sì máa gbẹ lójoojúmọ́, ibi tí a lẹ̀ á tún ṣí, ìdọ̀tí á sì rí ilé sí. Mo mú ìlàjì kejì ìtì náà, mo gé ìlà àárín rẹ̀ kúrò títí kò fi ku nǹkankan, mo tún òmíràn gbẹ́ lọ́jọ́ yẹn kan náà. Ìyẹn kò sán.

Ọjọ́ 23 sí 25

Igi ti gbẹ báyìí, ó sì ti le. Ọ̀bẹ tó gé e bí bọ́tà ní ọjọ́ 4 wá ń yọ̀ lórí rẹ̀. Mo fi odindi òwúrọ̀ kan pọ́n ọ̀bẹ: òkúta ìpọ́nbẹ ni mo kọ́kọ́ lò, lẹ́yìn náà òkúta mìíràn tó dán jù ú lọ, lẹ́yìn náà awọ tí mo lẹ̀ mọ́ pákó, tí mo fi ìyẹ̀fun ìdán kùn. Ọ̀bẹ tó bá mú dáadáa ń fi ojú igi sílẹ̀ kó máa tàn. Èyí tí kò mú ń fi í sílẹ̀ rẹ́súrẹ́sú, kò sì sí sáńpépà tó lè tún un ṣe tán. Ọ̀bẹ tí kò mú náà ló ń gé èèyàn, torí agbára la máa fi tì í.

Mo ń fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀là mọ bí ara kòtò ṣe nípọn sí bí mo ṣe ń lọ. Mílímítà 4 ni mo fẹ́ ní ìdí, 3 ní etí. Lórí ṣíbí ìdáná, iṣẹ́ dùn mọ́ mi débi pé mo gbàgbé láti wọ̀n ọ́n. Nígbà tí mo gbé e sókè síbi iná, ìmọ́lẹ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́ kan, tó tóbi tó owó ẹyọ, yọ ní ìdí kòtò. Ibẹ̀ kò lè nípọn ju mílímítà 2 lọ. Igi kì í padà sí ibi tí a ti gé e. Mo parí rẹ̀, ó lẹ́wà, ó fúyẹ́ bí ìyẹ́, ṣùgbọ́n ohun gbígbẹ ni màá máa fi bù nínú agolo. Kò ní wọ ìkòkò tó ń hó.

Sáńpépà 120 ni mo fi bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà 180, lẹ́yìn náà 240 (bí nọ́mbà bá ṣe ń ga sí i ni ojú rẹ̀ ń kúnná sí i), mo ń tẹ̀lé iṣan lọ. Lẹ́yìn èyí, mo ti gbogbo wọn bọ omi gbígbóná, mo jẹ́ kí wọ́n gbẹ mọ́jú. Ní òwúrọ̀, ojú igi ti hu irun bí irùngbọ̀n tí a fá lánàá. Mo fi 240 fá a kúrò, mo tún rẹ ẹ́ sómi, mo tún fá a. Ní ìgbà kẹta, irun tó yọ kò tó nǹkan, mo sì dúró níbẹ̀. Tí a bá fo èyí dá, inú ìkòkò ni irun yẹn á ti yọ, ṣíbí á sì máa ha ẹnu.

Ọjọ́ 26 sí 47

Oríṣi òróró méjì ló wà, ìyàtọ̀ wọn sì ṣe pàtàkì. Òróró linseed, tí wọ́n ń fún láti ara irúgbìn flax, àti ti tung, tí wọ́n ń fún láti ara irúgbìn igi tung, ń bá afẹ́fẹ́ ṣiṣẹ́, wọ́n ń dì, wọ́n sì ń le sínú igi. Òróró ìdáná bíi ti ẹ̀pà àti ti ólífì kì í le. Wọ́n á dúró sínú igi bẹ́ẹ̀, bó bá yá wọ́n á kan, ṣíbí á máa rùn. Linseed ni mo lò, èyí tí kò ní ohunkóhun tí wọ́n fi sí i. Èyí tí wọ́n ń tà fún àwọn akunlé máa ń ní èròjà onírin tó ń mú un yára gbẹ, mi kì í gbé e sún mọ́ ohun ìdáná.

Mo kùn ún, mo jẹ́ kó mu fún ìṣẹ́jú 20, mo nu gbogbo èyí tó kù lójú kúrò. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà mo tún ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lápapọ̀. Àwọ̀ igi ọsàn tó yẹ́lò fẹ́ẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jọ oyin. Mo wá fi wọ́n sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì kí òróró inú wọn le dé ìsàlẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ká aṣọ tí ẹ fi nu òróró linseed jọ kí ẹ jù ú sí kọ̀rọ̀. Bó ṣe ń gbẹ, ó ń mú ooru jáde. Aṣọ tí a ká jọ kò ní jẹ́ kí ooru náà lọ, ó sì lè gbiná fúnra rẹ̀ láìsí ẹni tó ṣáná sí i. Ìta ni mo máa ń tẹ́ tèmi sí ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan títí á fi gan, tàbí kí n rì í sínú omi.

Mo fẹ́ fi ìda oyin dán wọn tẹ́lẹ̀, mo sì jáwọ́. Ní nǹkan bíi 63°C, ìda oyin ti yọ́, ìkòkò tó ń hó sì fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ kọjá bẹ́ẹ̀. Ó dára lórí àwo tó ń gba ohun tútù. Lórí ọmọ orógùn, ọjọ́ kan péré ló máa lò.

Ọjọ́ 90

Ọ̀sẹ̀ 6 ti kọjá tí wọ́n ti ń wọ ìkòkò. Kí n tó lò wọ́n rárá, mo di ọmọ orógùn mú ní orí àti ìdí, mo gbé àárín rẹ̀ lé orúnkún, mo sì tẹ̀ ẹ́ bí ẹni fẹ́ ṣẹ́ ẹ. Ó tẹ̀ díẹ̀, ó sì padà sípò. Mo gbìyànjú ohun kan náà lórí ọwọ́ ṣíbí àtijọ́ tó ṣẹ́ kù lọ́dọ̀ mi. Ó dún pá, ó sì tún pín sí méjì ní ìdàgẹ̀rẹ̀.

Wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ mi bóyá igi kì í kó kòkòrò àìfojúrí jọ. Àwọn olùwádìí Nese Ak àti Dean Cliver ní University of Wisconsin ní Amẹ́ríkà ṣe àyẹ̀wò èyí lórí pátákó tí a fi ń gé nǹkan, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 1994: àwọn bakitéríà tí wọ́n dà sórí igi ń wọ inú rẹ̀ lọ, wọn kò sì rí ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn gbà padà lójú rẹ̀ lẹ́yìn àkókò díẹ̀, ike tí ọ̀bẹ ti ha lára sì ṣòro fún wọn láti fi ọwọ́ fọ̀ mọ́. Ìyẹn kò ní ká má fọ ṣíbí. Ọṣẹ àti omi gbígbóná ni mo fi ń fọ tèmi, kíákíá, mo sì ń gbé wọn dúró pẹ̀lú kòtò lókè kí atẹ́gùn lè yí wọn ká. Mi kì í fi wọ́n sílẹ̀ sínú omi mọ́jú, mi kì í sì í gbé wọn sínú ẹ̀rọ ìfọwo.

Ìgbákọ kò yí rárá. Ṣíbí pẹlẹbẹ kejì wà bó ṣe wà, àmọ́ etí rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìrísí ìdí ìkòkò tí mo ń lò jù. Ẹnu ọmọ orógùn ti ṣókùnkùn, apá òsì rẹ̀ sì ti jẹ ju apá ọ̀tún lọ ní nǹkan bíi mílímítà 1, torí pé ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi ń rò, ẹ̀gbẹ́ kan náà ló sì ń ha ara ìkòkò nígbà gbogbo. Láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, màá máa yí i padà lọ́wọ́. Òróró rẹ̀ ti fẹ́ẹ́rẹ́ ní ẹnu, màá tún kùn ún ní òpin oṣù. Ẹ̀ka kejì, èyí tí màá fi gbẹ́ ṣíbí ìdáná mìíràn, ti wà lábẹ́ òrùlé pẹ̀lú ọ̀dà ní orí méjèèjì.